Bóòtù táyà ẹ̀yìn Golf 3 mi kọ̀, kò tú: ọ̀kan ti jẹ lórí (Àkúrẹ́)

OmoOkeAro (Àìkú, aago 8 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ táyà ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ba ọkọ̀ mi jẹ́.

Golf 3 ni mo ń wà, ti ọdún 1996. Ríìmù onírin tó bá a wá ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lánàá, mo ń ti Oǹdó bọ̀ wá sí Àkúrẹ́, mo ti kọjá Ọ̀wẹnà, òjò ń rọ̀, ni táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì bá jò tán. Mo gbé jáàkì sí i, mo fi wíìlì sípánà inú búùtù bọ̀ ọ́. Bóòtù mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan tú. Méjì kò mira rárá. Ẹ̀kẹrin, sípánà yọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo igun orí rẹ̀ ti jẹ, ó ti ń di róbótó. Awakọ̀ kan tó ṣàánú mi ló yá mi ní pọ́ǹpù. Mo ń fẹ́ ẹ, mo ń rìn díẹ̀, ó ń jò, mo tún ń dúró fẹ́ ẹ, ìgbà mẹ́ta kí n tó délé ní Òkè-Àró.

Kí n má fi ohunkóhun pamọ́: ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, fọ́kanáísà ẹ̀bá títì kan ló lẹ táyà yìí kan náà. Nígbà tó ń dè é padà, ó gun orí sípánà, ó ń fò lórí rẹ̀. Inú mi sì dùn, mo ní ó mọṣẹ́. Bóòtù kan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ bi yín. Báwo ni mo ṣe máa tú mẹ́ta tó kù yìí láìba họ́ọ̀bù (irin tí ríìmù jókòó sí) jẹ́? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé kí n kúkú kó gbogbo bóòtù dànù, kí n fi sítọ́ọ̀dù (ọ̀pá irin tó yọ síta lára họ́ọ̀bù) àti nọ́ọ̀tì sí i bíi ti Toyota. Ṣé ó ṣeé ṣe?

BabaMekaniiki_Ondo (Àìkú, aago 9 alẹ́)

Ọmọ mi, kú ewu ọ̀nà. Ojú òjò ọjọ́ Sátidé yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé o gbé jáàkì sí i kí o tó tú u. Tí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, agbára tí ò ń lò á pín sí méjì, ìdajì á máa yí táyà, ìdajì á máa mi ọkọ̀ lórí jáàkì, ibẹ̀ ni sípánà ti ń yọ̀. Gbé e sílẹ̀. Fẹ́ táyà náà kó lè dúró, fa háńdì bíréèkì, fi òkúta há táyà iwájú.

Sípánà inú búùtù yẹn, sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí bóòtù Golf rẹ jẹ́ mìlímítà 17. Wá sọ́kẹ́ẹ̀tì 17 onígun mẹ́fà, kì í ṣe onígun méjìlá. Onígun méjìlá kò gbá orí bóòtù mú ju ní etí igun lọ, òun ló ń jẹ ẹ́. Fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọlé títí yóò fi kan ìdí. Fi páìpù bọ ọwọ́ sípánà kó gùn. Kí o tó tú u, kọ́kọ́ dè é síwájú díẹ̀ bí irun, títí wàá fi gbọ́ kó ké "kẹ́ẹ̀". Ìpẹtà tó ti gbá a mú ló fọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà kí o wá tú u. Fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, má ja á.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọdé mẹkáníìkì kì í rántí. Táyà ẹ̀yìn Golf 3, dúrọ́ọ̀mù ni. Ìdí bóòtù yọ sínú dúrọ́ọ̀mù, ibi tí ṣúù bíréèkì wà. Tí o bá ń da kẹrosíìnì tàbí WD-40 sí i bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́, yóò ṣàn wọlé, yóò rẹ ṣúù, bíréèkì ẹ̀yìn rẹ ò ní mú mọ́. Ẹ̀kán méjì mẹ́ta sí ìdí orí bóòtù tó. Kí ó sùn mọ́jú.

IyaBeji_Ijapo (Àìkú, aago 9:40 alẹ́)

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Corolla 2005 ni tèmi, nọ́ọ̀tì ló lò, kì í ṣe bóòtù, ṣùgbọ́n ojú mi náà rí i. Àwọn nọ́ọ̀tì tó ń dán bíi dígí yẹn, irin méjì ni wọ́n fi ṣe é: irin gidi wà nínú, fìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó lórí. Omi wọ abẹ́ fìlà, irin inú dípẹtà, fìlà wú. Sípánà 21 kò wọ̀ ọ́ mọ́, 22 sì ń yí lórí rẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìlárá, ìyá ọmọ méjì, mo dúró bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Gbogbo rẹ̀ ni mo pààrọ̀ lẹ́yìn náà, ogún nọ́ọ̀tì, oníirin kan ṣoṣo tí kò ní fìlà. Ẹni tó bá ní èyí tó ti ń wú, ẹ má dúró dìgbà tí táyà á jò.

Ade_Isinkan (Ajé, aago 7 àárọ̀)

Ẹ̀yin ń ṣe wàhálà. Ẹ pe wẹ́dà tó ní gáàsì, kó yọná sí bóòtù yẹn títí á fi pọ́n, á tú fúnra rẹ̀. Mo ti rí i kí wọ́n ṣe é.

BabaMekaniiki_Ondo (Ajé, aago 7:15 àárọ̀)

Rárá o! Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má gbọ́ ìyẹn.

Táyà wà lórí ríìmù, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Tí iná bá mú ríìmù gbóná, rọ́bà inú á máa jóná díẹ̀díẹ̀ láìhàn síta, afẹ́fẹ́ inú á máa wú, táyà á sì bú. Ó lè má bú lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn tí wẹ́dà ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Agbára tó fi ń bú, ó tó ohun tó ń pa ènìyàn. Lórí Golf yìí pàápàá, dúrọ́ọ̀mù ni họ́ọ̀bù rẹ̀, inú rẹ̀ ni bíárìn wà. Iná yóò yọ́ gíríìsì inú bíárìn, yóò ṣàn lọ bá ṣúù. Nítorí bóòtù kan, wàá ra bíárìn, wàá ra ṣúù.

Iná ní ìgbà tirẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa. Kì í ṣe nígbà tí táyà wà níbẹ̀.

Ade_Isinkan (Ajé, aago 7:50 àárọ̀)

Baba, mo gbọ́. Ibi tí mo ti rí i, lóòótọ́, wọ́n ti yọ táyà kúrò lára ríìmù. N kò rò ó débẹ̀. Ẹ má bínú.

FUTA_Irin (Ajé, aago 12 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ Baba lẹ́yìn, kí ọlọ́kọ̀ lè mọ ìdí tí bóòtù rẹ̀ fi kọ̀.

Bóòtù Golf 3, M12x1.5 ni. Ó nípọn mìlímítà 12, tí o bá sì yí i lẹ́ẹ̀kan, ó rin mìlímítà kan àti ààbọ̀. Agbára tí wọ́n ní kí a fi dè é ni 110 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára yíyí). Kí ni ìyẹn jẹ́ lọ́wọ́? Tí sípánà rẹ bá gùn tó ìdajì mítà, ìwúwo kìlógíráàmù 22 lo fi tẹ̀ ẹ́. Kò tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Ó parí.

Ẹ wá wo fọ́kanáísà yẹn. Ká ní ó wọn kìlógíráàmù 75, tó dúró jẹ́ẹ́ lórí sípánà náà láì fò rárá, 368 Nm nìyẹn, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Tó bá tún fi páìpù sí i kó gùn tó mítà kan, ìlọ́po méjì ìyẹn ni. Bóòtù máa ń nà bíi rọ́bà díẹ̀ tí a bá dè é, nínà yẹn ló fi ń di ríìmù mú. Tí ó bá nà kọjá ààlà, kì í sún padà mọ́. Tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ (ìlà tó yí ara rẹ̀ ká) á wọ́, á há. Òjò á wá bá a níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, àwọn bóòtù yẹn, bí wọ́n bá tilẹ̀ tú, ẹ má lò wọ́n mọ́.

OmoOkeAro (Ìṣẹ́gun, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí Baba ṣe wí. Mo kán an sí i lálẹ́ Ajé, mo yá sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà lọ́wọ́ aládùúgbò kan, páìpù omi tó gùn tó apá mi ni mo fi bọ ọwọ́ sípánà. Mo dè é síwájú bí irun. Ó ké "kẹ́ẹ̀" lóòótọ́, ọkàn mi já, mo rò pé ó kán ni. Méjì tú! Ara wọn pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà Ìdànrè.

Ó ku èyí tí orí rẹ̀ ti jẹ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 17 ń yí lórí rẹ̀ ni. Bóòtù tí fọ́kanáísà fi rọ́pò nìyẹn, mo dá a mọ̀ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Benz190_ObaIle (Ìṣẹ́gun, aago 8 alẹ́)

Ẹ kú oríire méjì yẹn. Mercedes 190E ti 1990 ni mo ní, mo ti bá irú èyí jìjàkadì.

Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 onígun méjìlá tí ẹ kò nílò mọ́, ẹ fi òòlù gbá a wọ orí bóòtù náà tipátipá. Ó máa ń ge ojú ọ̀nà tuntun fún ara rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tún wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an, inú rẹ̀ rí lọ́yílọ́yí bí ìkarahun ìgbín, bí ẹ bá ṣe ń tú u tó ló ń jẹ wọ orí bóòtù tó. Bí ìyẹn náà bá kọ̀, dírílì ló kù: ẹ lu ojú àmì sí àárín gangan, ẹ fi èyí tó tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi èyí tó nípọn tẹ̀ lé e. Bí orí rẹ̀ bá ti já, ríìmù á bọ́, ìyókù á sì rọrùn láti fi ẹ̀mú gbá yọ, nítorí kò sí ohun tó ń fà á mọ́.

OmoOkeAro (Ọjọ́rú, aago 1 ọ̀sán)

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 wọ̀ ọ́, ó gbá a mú dáadáa, ṣùgbọ́n bóòtù náà yí ìdá kan nínú mẹ́rin péré, ó dúró gbọnin. Tí mo bá fà á sí i, mo ń rí i tí ọwọ́ sípánà ń tẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀. Ṣé dírílì ti tó?

BabaMekaniiki_Ondo (Ọjọ́rú, aago 1:30 ọ̀sán)

Dúró, má tíì gbé dírílì. Bóòtù tó yí díẹ̀ tó tún há, kì í ṣe ìpẹtà nìkan. Nǹkan ń bẹ nídìí rẹ̀.

Bóyá wàá rí i bí ohun tuntun: lórí Golf yìí, o lè yọ táyà àti dúrọ́ọ̀mù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n so mọ́ra wọn jáde. Jókòó, jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fi igi gbé ọkọ̀ ró lẹ́yìn jáàkì, kì í ṣe jáàkì nìkan. Tú afẹ́fẹ́ táyà dànù pátápátá. Má fa háńdì bíréèkì. Nínú ihò àárín ríìmù, wàá rí fìlà irin kékeré, fi ṣísù kan án jáde. Píìnì wà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀tì sì wà lábẹ́ píìnì. Yọ wọ́n.

Tí dúrọ́ọ̀mù kò bá fẹ́ jáde, ṣúù ló gbá a mú. O ti ní ihò bóòtù mẹ́ta tó ṣófo. Yí táyà títí ihò kan yóò fi dojú kọ irin pẹlẹbẹ kékeré tó há sáàárín àwọn ṣúù náà, fi sukudíráfà ti irin yẹn sókè láti inú ihò. Ṣúù á súnkì, gbogbo rẹ̀ á sì bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Gbé bíárìn síbi tí eruku ò sí.

Ó ti wà nílẹ̀ báyìí, o ti rí ìdí bóòtù láti ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni kí o ti sọ̀rọ̀ sí i.

OmoOkeAro (Ọjọ́bọ̀, aago 7 alẹ́)

Baba, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní Golf ka èyí.

Ó jáde bí ẹ ṣe wí gan-an. Nígbà tí mo dojú dúrọ́ọ̀mù bolẹ̀ tí mo wo inú rẹ̀, mo rí i pé ìdí àwọn bóòtù yòókù kì bá tí yọ kọjá ojú irin. Èyí tó kù yọ síta tó bí ìdajì ìka mi. Ẹnu rẹ̀ ti wú bí orí ìṣó tí wọ́n ti lù, tírẹ́ẹ̀dì iwájú ti jẹ pẹlẹbẹ. Ó ti ń lọ ara rẹ̀ mọ́ irin ṣúù látìgbà yẹn! Ariwo ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kan tó ti ń ké láti oṣù mẹ́ta, tí mo ní ṣúù ló ti tán, òun ni. Nítorí ẹnu rẹ̀ tó wú ni kò ṣe lè gba inú tírẹ́ẹ̀dì kọjá padà.

Mo fi fáìlì rẹ́ ẹnu rẹ̀ títí ó fi tún tín-ín-rín, mo kán kẹrosíìnì sí i láti ẹ̀yìn, mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 tú u. Ó jáde.

Mo wá tò wọ́n mọ́ra lórí tábìlì. Mẹ́ta rí róbótó ní ìsàlẹ̀ orí, bí ìdí ẹyin. Èyí tó ṣe mí báyìí rí ṣóńṣó bí àrọ, ó sì gùn jù wọ́n lọ bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Orí wọn bára mu, 17 ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá wà lára ríìmù, kò sí ẹni tó lè mọ̀.

BabaMekaniiki_Ondo (Ọjọ́bọ̀, aago 7:40 alẹ́)

Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Bóòtù ríìmù alumíníọ́mù ni, ríìmù yẹn nípọn, ìdí nìyẹn tí bóòtù rẹ̀ fi gùn. Lórí ríìmù onírin, gígùn yẹn á bọ́ sínú bíréèkì.

Wo ihò tí o ti yọ ọ́ lára ríìmù, fi ìka yí i ká. Bóòtù oníṣóńṣó nínú ihò oníróbótó, etí rẹ̀ nìkan ló ń kan ríìmù. Bí o bá rí ibi tó ti là tàbí tó ti fẹ̀, ríìmù náà ti tán. Má lẹ̀ ẹ́. Kí tọ́ọ̀nà fi táàpù M12x1.5 (irin tí wọ́n fi ń ge tírẹ́ẹ̀dì) fọ tírẹ́ẹ̀dì inú dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tí o bá ń dá bíárìn padà, má fún nọ́ọ̀tì àárín pa: wọ́ṣà ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sún díẹ̀ tí o bá fi ẹnu sukudíráfà tì í. Kí o sì fi píìnì tuntun sí i.

Benz190_ObaIle (Ọjọ́bọ̀, aago 9 alẹ́)

Mo ní bóòtù Benz mẹ́wàá nílé tí n kò lò mọ́. M12x1.5, orí 17, ìdí róbótó. Ẹ wá mú u lọ́fẹ̀ẹ́.

FUTA_Irin (Ọjọ́bọ̀, aago 9:20 alẹ́)

Ẹ ṣé, bọ̀dá, ṣùgbọ́n kò bára mu. Róbótó ti Benz àtijọ́ jẹ́ R12, ti Volkswagen tó ṣe Golf jẹ́ R13; R ni ìwọ̀n láti àárín róbótó náà dé etí rẹ̀, ní mìlímítà. Ojú kò lè rí i, ríìmù á rí i. Ojú ibi tí wọ́n ti ń kan ara wọn á kéré, bóòtù á sì máa tú fúnra rẹ̀.

Benz190_ObaIle (Ọjọ́bọ̀, aago 9:30 alẹ́)

Ó yé mi. Ọdún mélòó ni mo ti ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo yọwọ́.

OmoOkeAro (Ẹtì, aago 10 àárọ̀)

Ihò yẹn ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ríìmù náà ti lọ. Ó wá kan ìbéèrè mi kejì. Ẹni tó ń ta ríìmù lọ́jà lónìí fi mẹ́rin alumíníọ́mù ti Honda hàn mí, ihò mẹ́rin bíi tèmi, ó lẹ́wà púpọ̀. Ó ní bí àárín rẹ̀ kò bá wọlé, òun á bá mi lọ̀ ọ́.

FUTA_Irin (Ẹtì, aago 10:30 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rà á. Lóòótọ́, Golf 3 yín jẹ́ 4x100 (ihò mẹ́rin lórí òbìrí tó fẹ̀ ní mìlímítà 100), Honda Civic àtijọ́ náà jẹ́ 4x100, àwọn Corolla àtijọ́ kan náà rí bẹ́ẹ̀. Àárín ni kò bára mu. Họ́ọ̀bù Golf jẹ́ mìlímítà 57.1. Ihò àárín ríìmù Honda yẹn jẹ́ 56.1, ti Corolla jẹ́ 54.1. Kò lè wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá fi gíráńdà ọwọ́ lọ̀ ọ́, kò ní rí róbótó mọ́, ọkọ̀ á máa gbọ̀n tí ẹ bá ti sáré díẹ̀. Ríìmù tí àárín rẹ̀ tóbi ju 57.1 lọ sàn, nítorí a lè fi òrùka dí àlàfo rẹ̀. Èyí tó kéré kò ní àtúnṣe tó dáa. Tún wò ó pé Honda ń lo ìjókòó róbótó R12, ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyẹn lánàá.

Benz190_ObaIle (Ẹtì, aago 12 ọ̀sán)

Lórí sítọ́ọ̀dù, mo ti ṣe é sí 190 mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Gbígbé táyà wúwo sókè kí a tún máa wá ihò bóòtù nínú òkùnkùn, ìyà ni. Pẹ̀lú sítọ́ọ̀dù, ẹ ó gbé táyà kọ́ ọ bí ẹni gbé aṣọ kọ́. Tírẹ́ẹ̀dì inú họ́ọ̀bù náà ń sinmi, nọ́ọ̀tì ló ń jìyà.

BabaMekaniiki_Ondo (Ẹtì, aago 1 ọ̀sán)

Òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n fún ọmọ yìí, n kò ní gbà á níyànjú. Sítọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ wọnú họ́ọ̀bù bí ìyípo mẹ́jọ ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ yọ kọjá sínú dúrọ́ọ̀mù. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á lára náà ni. Ó gba àtè tírẹ́ẹ̀dì, ó gba nọ́ọ̀tì tí ìjókòó rẹ̀ bá ríìmù mu. Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri láìsí àmì lára, n kò ní fi ẹ̀mí ènìyàn lé e lọ́wọ́. Bóòtù tuntun mẹ́rìndínlógún, gígùn ti ríìmù onírin, róbótó R13, kí 10.9, àmì agbára irin rẹ̀, wà lórí rẹ̀. Òun ló tó ọ.

IyaBeji_Ijapo (Ẹtì, aago 2 ọ̀sán)

Baba, ṣé a lè fi gíríìsì sí tírẹ́ẹ̀dì kó má tún há? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa fi sí i.

FUTA_Irin (Ẹtì, aago 2:40 ọ̀sán)

Kí Baba má bínú pé mo kọ́kọ́ dáhùn. Màmá, ẹ má fi sí i. Nínú agbára mẹ́wàá tí a fi ń de bóòtù, bíi mẹ́sàn-án ni ìlọra irin mọ́ irin ń jẹ, ọ̀kan péré ló ń na bóòtù. Tí gíríìsì bá mú ìlọra yẹn dínkù, 110 tí ẹ fi dè é á na bóòtù bí ẹni pé ẹ lò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ tírẹ́ẹ̀dì, kó gbẹ.

BabaMekaniiki_Ondo (Ẹtì, aago 3 ọ̀sán)

N kò bínú. Ojú họ́ọ̀bù tí àárín ríìmù ń jókòó sí, ẹ lè fi gíríìsì tó ní bàbà nínú pa á bí ìpara, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ríìmù alumíníọ́mù lẹ̀ mọ́ irin.

OmoOkeAro (Ọjọ́ Ajé kejì, aago 8 alẹ́)

Mo dé o. Mo ra ríìmù onírin Golf kan tó jẹ́ tòkunbọ̀, mo ra bóòtù mẹ́rìndínlógún, mo sì tò wọ́n mọ́ra lórí tábìlì kí n tó san owó, ẹlẹ́rù ń wò mí. Tọ́ọ̀nà fọ tírẹ́ẹ̀dì. Mo fi ọwọ́ lásán yí bóòtù kọ̀ọ̀kan wọlé, mo ka ìyípo mẹ́jọ kí n tó fi sípánà kàn án. Mo dè wọ́n ní ìdàkejì ìdàkejì. Mo yá sípánà oníwọ̀n, 110, ó ké "táń", mo dúró. Ó rọrùn débi pé ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Lánàá mo lọ sí Oǹdó, mo sì bọ̀. Mo tún fi sípánà náà kàn wọ́n: ọ̀kan ló yí díẹ̀, àwọn yòókù kò mira. Ariwo ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ ti lọ.

Táyà iwájú méjèèjì ni mi ò tíì tú. Ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà kan náà ni wọ́n ti kọjá, mo sì ti gbé kẹrosíìnì sílẹ̀ de Sátidé.

BabaMekaniiki_Ondo (Ajé, aago 8:20 alẹ́)

Iwájú, dísìkì ni. Má jẹ́ kí kẹrosíìnì kan ojú dísìkì. Bó bá kàn án, fi pẹtiróòlù nù ún kí o tó gbéra, ní ìta, níbi tí iná ò sí.

IyaBeji_Ijapo (Ajé, aago 9 alẹ́)

Àbúrò, tí ẹ bá parí lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì dá sípánà oníwọ̀n yẹn padà. Ẹ bá mi bẹ ẹni tó ni ín, èmi náà á wá láti Ìjàpọ̀ pẹ̀lú Corolla mi.